Àpá Áyọ́ọ̀nù Lára Ìwé Ọmọ Mi

Ọmọ ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Ìyá rẹ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó kan èmi náà, n kò sì fẹ́ kí o fi ohunkóhun bò mí láṣìírí nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ṣe ní Igbó-Elérin, láti ìgbà tí a ti kó dé láti Abẹ́òkúta títí ọwọ́ mi fi kọ̀. Mo fọ aṣọ àwọn olùkọ́, mo fọ ti àwọn awakọ̀, mo fọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé káàkiri Ìyànà Ìbà àti Okokomáíkò. Kànga kan wà láàárín ọgbà wa, okùn aṣọ mi yí i ká, áyọ́ọ̀nù eléèédú mi sì wà lórí tábìlì lábẹ́ páànù. Ìyá rẹ nìkan ni mo bí tó yè. Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó ní ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ni òun fẹ́ ṣe, mo bi í pé ṣé èèyàn tún ń lọ kọ́ eré ṣíṣe nílé ìwé ni.

Ó ní, "Màmá, kì í ṣe pé à ń ṣeré. À ń tú eré wò ni. À ń wo ohun tó mú ẹni tó kọ ọ́ kọ ọ́, a sì tún ń wo ohun tó ń ṣe ẹni tó jókòó tó ń wò ó."

Mo ní ó dáa, kó ṣá ti jáde.

Nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá kó aṣọ wá, kì í pè mí ní màmá lójú wọn. Á ní, "Ẹ bá alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀," á sì wọlé lọ. Wọ́n rò pé ńṣe ló gba yàrá lọ́dọ̀ wa bíi ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Mo gbọ́, mò ń na aṣọ mi lọ sórí okùn. Ohun tí mò ń retí kò pọ̀: kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé, pé èmi ni ìyá òun.

Ó tó ọdún méjì ṣáájú kí ìyá rẹ tó jáde ilé ìwé tí obìnrin kan gba yàrá tó kọjú sí kànga. Òṣèré ni. A kò mọ̀ nígbà tó kó ẹrù wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni a jókòó síwájú tẹlifíṣàn mi, àwa obìnrin ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ni ìyálé kan bá jáde nínú eré, ó rọ́ ata sójú ọmọ orogún rẹ̀, ó wá ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó káfíńtà ló kọ́kọ́ figbe ta.

"Yéè! Òun nìyẹn! Ará ilé wa!"

A yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà dúró níbẹ̀, ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín dání. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n máa ṣe eré òun nírọ̀lẹ́ yẹn, òun sì ti se nǹkan díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan náà ni.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dà á fún adìẹ lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó má ti korobá rẹ̀ bọ kànga tí àwọn ọmọ kò bá tíì pọnmi tán. Mo ní n kò lè fọ aṣọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọmọ èèyàn. Bó bá ń gbálẹ̀, àwa náà á dá orin sílẹ̀, irú èyí tí àwọn orogún fi ń bú ara wọn láìdárúkọ ẹni tí wọ́n ń bú. Èmi ni mo máa ń dá a, àwọn yòókù á máa gbè é. Òun kọ́kọ́ ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀yin màmá yìí, eré ni o! Ọ̀gá wa ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó káfíńtà ní, "Ṣé ọ̀gá yẹn náà ló bá ọ rín ẹ̀rín yẹn?"

A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, òṣèré náà mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ tó ń bá a tọ́ ọ, ọmọ bí ọdún márùn-ún. Mo sọ fún àwọn ọmọ ilé pé ẹni tó bá bá a ṣeré kò gbọdọ̀ jókòó síwájú tẹlifíṣàn mi mọ́. Odindi ìsinmi ni ọmọ yẹn fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, tó ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná. Ìyá rẹ̀ wá bá mi nídìí áyọ́ọ̀nù, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu díẹ̀ fún mi nínú àgbo ibà yín. Ọmọ yìí ń gbọ̀n."

Ìkòkò àgbo wà lórí iná lẹ́yìn mi, ó ń hó. Gbogbo wa ló ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo yí ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń lọ̀ padà, mo fi ọwọ́ tẹ́ kọ́là rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ fi ṣe fíìmù ni? Rọ́ ata sí i lójú, ara rẹ̀ á balẹ̀."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gba ọ̀nà títì lọ nínú oòrùn. Kò tó oṣù kan sí i tó kó jáde. Inú mi dùn. Má yọ ìyẹn kúrò, inú mi dùn.

Gbogbo èyí ṣojú ìyá rẹ. Kò bá wa kọrin, kò sì ní ká má kọ ọ́. N kò mọ̀ pé ó ti ń tú wa wò.

Ọdún tó fẹ́ jáde, wọ́n ní kí oníkálukú wọn kọ ìwé kan. Eré àtijọ́ àwọn òyìnbó kan ni tirẹ̀, ti ayaba tó tilẹ̀kùn ìlú mọ́ ọmọ ọkọ rẹ̀ síta títí ẹranko fi pa á. Ó ní láyé ìgbà yẹn, òṣèré máa ń fi ìbòjú sójú ni, ọkùnrin ló sì wà lẹ́yìn ìbòjú ayaba. Bí eré bá parí, á ṣí i, gbogbo èèyàn á rí i pé òun kọ́ ni ayaba. Ó fẹ́ fi í wé eré tẹlifíṣàn àti ti fídíò tiwa, níbi tí òṣèré kò ti ní ìbòjú tó máa ṣí. Ó gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó ń gba ohùn sílẹ̀ sórí tábìlì aṣọ mi, ó ní kí n sọ ohun tí mo rí lára òṣèré yẹn.

Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ tèmi máa wọ ìwé. Mo sọ ọ́ tán pátápátá. Mo ní ẹni tí kò bá ní ìkà nínú kò lè ṣe é dáa tó bẹ́ẹ̀. Mo ròyìn mọ́ínmọ́ín, mo tún orin náà kọ, mo ròyìn àgbo, mo tiẹ̀ sín obìnrin náà jẹ níbi tó ti ń bẹ̀ mí. Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Màmá, ẹ tún ibi yẹn sọ."

Nígbà tó yá, ó ní kí n wá sí kíláàsì àwọn lọ́jọ́ tí òun máa sọ̀rọ̀. Bùbá àti ìró léèsì tí mo fi ṣe ìkómọ rẹ̀ ni mo mú jáde. Mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ìyànà Ìbà níbi tí a ti dúró de ọkọ̀, mo sọ fún oníbúrẹ́dì tí n kò mọ̀ rí pé ọmọ mi fẹ́ fi mí han àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Iwájú ni wọ́n gbé àga sí fún mi. Olùkọ́ wọn, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo rí ẹni tó wà lórí àga kejì. Òṣèré yẹn ni. Wọ́n ti pe òun náà. Ìyá rẹ kò sọ fún mi.

Wọ́n tan kásẹ́ẹ̀tì. N kò gbọ́ ohùn ara mi láti ìta rí. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíì ni. Nígbà tó dé ibi adìẹ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ibi orin, àwọn kan ń lu tábìlì sí i. Ìyá rẹ ń ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ fún wọn ní èdè Òyìnbó, ó sì ń fi bírò tọ́ka sí mi bí ẹni ń tọ́ka sí nǹkan tí wọ́n kọ sójú pátákó. Nígbà tó dé ibi àgbo, ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Haà, ìyá yìí le o! Òun ló yẹ kí wọ́n mú fún fíìmù."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ yẹn fọwọ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ó bi òṣèré bóyá ó ní nǹkan sọ. Obìnrin náà dìde, ó wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá."

Ó yíjú sí wọn. "Ìyá yìí mọ aṣọ fọ̀ o. Ọmọ mi yè. Etí rẹ̀ òsì ni kò gbọ́ràn mọ́ lẹ́yìn ibà yẹn."

Kò gbé ohùn sókè. Ó padà lọ jókòó. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ń fi ọwọ́ tẹ́ etí ìró mi bí ẹni ń lọ aṣọ.

Olùkọ́ wá bi ìyá rẹ ní Yorùbá, bóyá kí èmi náà lè gbọ́ ni: "Níbo lo ti rí màmá yìí? Báwo ni ẹ ṣe jẹ́?"

Nínú ìtìjú yẹn náà, mo gbójú sókè. Mo ní ó máa sọ ọ́ báyìí.

"Alágbàfọ̀ àdúgbò wa ni, sà."

A jọ wọ ọkọ̀ padà sílé. Ó jókòó síwájú, mo jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a dé ọgbà, mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Lẹ́yìn tí obìnrin yẹn ti sọ̀rọ̀ etí ọmọ rẹ̀ tán? Tí mo bá ní ẹ̀yin ni ìyá mi, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè mí?"

Mo ní, "Ohun tí o jẹ́ kí wọ́n pè mí."

Ìgbà tí wọ́n di ìwé náà tán, ó gbé ẹ̀dà mẹ́ta wálé, páálí dúdú. Ó fi ọ̀kan síwájú mi níbi tí mo ti ń lọ aṣọ.

"Tiyín rèé, Màmá."

"Ta ló fẹ́ kà á fún mi?"

"Èmi ni màá kà á. Ẹ jẹ́ kí n dá ẹni tó ń pè mí lóhùn níta."

Ó jáde. Mo ṣí ìwé. Gbogbo ojú ewé ló dúdú fún kíkọ, àfi ọ̀kan níwájú tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀, ìlà bíi mélòó kan láàárín, ìyókù ṣófo. Mo ní èyí kò ní ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó kàn máa dùn ún ni. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, mo sì dúró tì í títí mo fi gbóòórùn ìwé tó ń jó.

Ìyá rẹ wọlé bá èéfín. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ìwé náà dé, ó gbé e fún mi.

"Ẹ máa tọ́jú ẹ̀."

Ó kó méjì yòókù lọ. Kò kà á fún mi. Èmi náà kò ní kó kà á.

Ìwọ lo bá a nísàlẹ̀ àpótí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó o ní, "Màmá àgbà, kí ló jó èyí?" Ìwọ lo sọ fún mi pé ojú ewé yẹn nìkan ló fi Yorùbá kọ, pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìyókù. O ka èyí tó ṣẹ́kù: "Fún ìyá mi, alágbàfọ̀, tí ó..." Àpá áyọ́ọ̀nù ló gba ìyókù. Mo ní kí o tún un kà. O kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà lo ń dúró sí.

Tí ó kí ni? Tí ó tọ́ mi? Àbí tí ó da oúnjẹ ọmọnìkejì rẹ̀ fún adìẹ?

O pe ìyá rẹ lórí fóònù, o gbé e sétí mi. Mo bi í. Ó ní ṣé mo ti jẹun, mo tún bi í.

Ó ní, "Màmá, mo ti gbàgbé."

Irọ́ ni. O ti sọ fún mi pé ìwé dúdú kan bí èyí, tí kò jó, wà lórí pẹpẹ rẹ̀ nílé yín ní Ìbà. O ní o lè lọ wò ó lónìí, kò jìnnà. Mo ní má lọ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.