Igi Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká Gbìn Sétí Odò

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta pé inú ń bí mi. Àwọn ọmọ mi ní kí n jẹ́ kó tán nínú mi, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ò dáa fún irú ọjọ́ orí mi. Mo ti gbọ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ Ìlobù ni mí, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ilé ọkọ mi. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa á mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ìlú méjèèjì ti ń jà sórí ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti délẹ̀, mi ò ní ibi tí mo lè jókòó sí kí ara tù mí. Nílé bàbá mi, wọ́n á ní kí n rántí ibi tí wọ́n bí mi sí. Nílé ọkọ mi, wọ́n á ní kí n rántí ibi tí mo bímọ sí. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì ti kọ́ ọmọ ìlú méjèèjì ní A, B, D.

Odò kékeré kan wà láàárín oko Ìlobù àti oko Ìfọ́n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ tí ìlú kan ń pè é yàtọ̀ sí ti ìkejì, bí mo bá sì ti kọ ọ̀kan sílẹ̀, ìjà tún dé nìyẹn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, igi bo odò náà débi pé òòrùn ò ráyè wọ̀ ọ́. Wọ́n ti gé igi náà tán, wọ́n fi sun èédú, wọ́n fi kọ́lé. Nísinsìnyí, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ó gbẹ pátápátá. Bí òjò bá rọ̀, á kún, á ya, á sì máa bu ilẹ̀ etí rẹ̀ jẹ lódoodún.

Etí odò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Ìyá wa ló kọ́kọ́ ṣán ibẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la máa ń bomi rin ín kí á tó lọ síléèwé. Ìlobù ní àwọn ló ni ín, Ìfọ́n ní àwọn ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá obìnrin tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ dúró rí. Ẹ̀fọ́ ṣáà ni. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á ti já a, tí wọ́n á ti jẹ ẹ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú tipẹ́. Oko ẹ̀fọ́ yẹn ló fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé, òun náà ló sì ń bọ́ ọ.

Lẹ́yìn òjò èṣí, ó mú mi lọ síbẹ̀. Odò ti gbé ìdajì ebè rẹ̀ lọ. Ó fẹsẹ̀ kan etí bèbè báyìí, erùpẹ̀ já, ó bọ́ sómi.

"Àbúrò mi, bó bá tún rọ̀ báyìí lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní nǹkankan mọ́," ó ní.

Kò sunkún. Èmi ni mo fẹ́ sunkún.

Ìdí tí mo fi gbà láti wọ ìgbìmọ̀ nìyẹn. Iléeṣẹ́ kan ní Òṣogbo ń fún àwọn ìlú kéékèèké lówó, owó tí kò pọ̀, pé kí wọ́n fi tún odò wọn ṣe. Ará ìlú fúnra wọn ni yóò yan ìgbìmọ̀ tó máa ná an. Owó náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n á fún yín ní díẹ̀, ẹ ó fi ṣiṣẹ́, ẹ ó ya fọ́tò iṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n á wá fún yín ní ìyókù. Nítorí pé ìlú méjì ló ni odò tiwa, ìlú méjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀. Ní báńkì pàápàá, ará Ìlobù kan àti ará Ìfọ́n kan gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Wọ́n wá fi mí ṣe alága. Ẹ má rò pé torí ọgbọ́n mi ni o. Èmi nìkan ni ẹni tí ìhà méjèèjì lè bú tí ogun ò ní ṣẹlẹ̀.

Bàbá kan láti Ìlobù wà níbẹ̀, tó ń pè mí ní "ọmọ wa". Bàbá kan láti Ìfọ́n wà níbẹ̀, mọ̀lẹ́bí ọkọ mi, tó ń pè mí ní "ìyàwó wa". Akápò wa jẹ́ obìnrin oníṣòwò kan, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gáná ní 1969. Ẹnu rẹ̀ mú. Àwa mẹ́rin yìí la máa ń sọ̀rọ̀ jù; àwọn tó kù kàn ń mi orí.

Ẹ wá wo ìyà. A ò lè ṣèpàdé ní Ìlobù, àwọn ará Ìfọ́n ò ní wá. A ò lè ṣe é ní Ìfọ́n, àwọn ará Ìlobù ò ní wá. A wá ń wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo, à ń fún ara wa mọ́ orí bẹ́ǹṣì ọmọ iléèwé, láti lọ sọ̀rọ̀ odò tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Inú owó odò la sì ti ń yọ owó mọ́tò. Inú máa ń bí mi kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ dáadáa. A ra igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbìn sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n sì já wọn sí iwájú ilé mi nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti rọ̀, àkókò ti tó. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi wá wò wọ́n, ó ń fọwọ́ kan ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àwọn yìí á bá mi di ilẹ̀ náà mú," ó ní.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Mo kàn ní kí á mú ọjọ́ tí a máa gbin igi ni o. Bàbá Ìfọ́n wúkọ́.

"Ìyàwó wa, ta ni yóò gbìn ín?"

"Gbogbo wa ni, bàbá."

"Gbogbo wa báwo? Lónìí, igi ni. Lọ́la, wọ́n á ní ṣebí igi àwọn ló wà níbẹ̀."

Bàbá Ìlobù náà bá dìde. "Ohun tí èmi náà fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ọmọ wa, o ò lè jẹ́ kí wọ́n wá gbin igi sórí ilẹ̀ bàbá rẹ."

Ohun tí wọ́n ń sọ yé mi, òun ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá yá ọ nílẹ̀, o lè gbin àgbàdo, o lè gbin ẹ̀gẹ́, o lè gbin ẹ̀fọ́ títí o fi máa darúgbó. O ò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ló nilẹ̀, ọmọ rẹ̀ á sì máa tọ́ka sí igi náà ní kóòtù. Ọmọdé ìlú wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá yìí mọ̀ ọ́n dájú nígbà tí a ń gba owó igi. Wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà tí a ń ra igi. Wọ́n panu mọ́, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì ìpàdé, ó di ìgbà tí igi délẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé ẹnu wà fún ọ̀rọ̀ sísọ.

Akápò wa ló dá wọn lóhùn.

"Bàbá mi gbin kòkó ní Gáná. Oko ńlá ni. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ, kòkó náà ò sọ pé kó dúró. Igi wo lẹ wá ń sọ yìí?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n létí.

"Ti Gáná nìyẹn," ni bàbá Ìlobù wí.

Ká ní ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi bíi ti àtijọ́ ni, mi ò bá sọ ọ́ lù ú, àgbà yòówù kó jẹ́.

Mo délé, oorun ò kùn mí. Mo wá dá a lábàá pé kí á gbin èèsún. Koríko ni èèsún. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, mi ò sì tíì rí ẹni tó lọ sí kóòtù torí koríko. Àwọn bàbá méjèèjì gbà! Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fẹnu kò nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, tèmi ti eékún tó ń ro mí.

Mo bá pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó wa ní iléeṣẹ́ Òṣogbo lórí fóònù. Ó gbọ́ mi tán.

"Mọ́mì, igi la fọwọ́ sí o. Bí àwọn ọ̀gá wa bá rí koríko nínú fọ́tò, wọn ò ní fi ìyókù owó sílẹ̀."

"Ṣé odò lẹ fẹ́ tún ṣe ni, àbí fọ́tò?"

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé kò síbòmíì tí ẹ lè gbin igi náà sí ni?"

Mo yọ fóònù létí, mo wò ó, mo tún dá a padà sétí. Ó ṣì ń dúró de èsì.

Inú ìgbìmọ̀ dùn sí àbá ọmọkùnrin náà, ẹ gbà mí! Mo pariwo títí ohùn mi fi há, wọ́n dìbò, wọ́n borí mi. Wọ́n pín igi sí méjì lọ́gbọọgba. Wọ́n kó ìdajì lọ sẹ́yìn iléèwé kan ní Ìlobù, wọ́n kó ìdajì lọ sẹ́yìn iléèwé kan ní Ìfọ́n, níbi tí kò sí ìjà ilẹ̀, tí kò sì sí odò. Wọ́n to àwọn ọmọ iléèwé sẹ́yìn igi, wọ́n ya fọ́tò. Mo ní kí ojú mi má ṣe hàn nínú rẹ̀. Òṣogbo kí wa kú iṣẹ́, wọ́n ní kí àwọn ìlú yòókù wá fi wá ṣe àwòkọ́ṣe. Àwòkọ́ṣe kí ni, ẹ jọ̀ọ́?

Díẹ̀ nínú igi náà ṣẹ́kù síwájú ilé mi, àwọn tí ewé wọn ti ń pọ́n, tí wọn ò fẹ́ kó ba fọ́tò jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá, ó kó wọn sínú agbọ̀n, kò bi ẹnikẹ́ni, ó lọ gbìn wọ́n sí etí bèbè níbi tí odò ti ń bu oko rẹ̀ jẹ. Nígbà tí mo lọ wò wọ́n, wọ́n ti ń yọ ewé tuntun. Ó ti fi ọ̀pá kéékèèké ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó má baà wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ebi ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi ta sí wọn létí. Bàbá Ìfọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n fún mi lómi mu.

"Ìyàwó wa, a gbọ́ pé obìnrin Ìlobù kan gbin igi sórí ilẹ̀ wa." Ó mọ̀ dáadáa pé ẹ̀gbọ́n mi ni. "Bí àwọn ọmọ wa bá lọ hú u, ìjà ni. Bí ìwọ bá lọ hú u, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Lọ bá wa hú u."

Mo gba Ìlobù lọ tààrà. Mo rò pé bàbá ibẹ̀ á gbèjà ọmọ ìlú rẹ̀. Ó kàn ń mi orí.

"Hú u, ọmọ wa. Bí a bá fi sílẹ̀, àwọn náà á wá gbin tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ìgbà kejì tí wọ́n máa fẹnu kò nìyẹn. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé mi ò ní hú igi kankan, pé ẹni tó bá fẹ́ hú u kó wá bá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Mo padà dé Ìfọ́n, mo sọ ohun kan náà fún bàbá ibẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé olórí kunkun ni wọ́n fẹ́ wá sílé àwọn. Mo ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ ẹ.

Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kò dá títí di ọjọ́ kejì. Bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba oko ẹ̀gbọ́n mi lọ tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Bèbè ti lọ. Igi ti lọ, ọ̀pá tó fi tì wọ́n náà ti lọ. Wọn ò tíì ta gbòǹgbò tó lè di nǹkankan mú. Wọ́n ti pẹ́ jù níwájú ilé mi. Ebè díẹ̀ ló kù lápá òkè, ìyẹn náà ti ń là. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń já ẹ̀fọ́, ó ń yára.

"Wá bá mi já a kó tó wó," ó ní.

A jọ ń já a. Ilẹ̀ tí ìyá wa ṣán ń ya lulẹ̀ níwájú wa, omi pupa sì ń gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìpàdé bọ́ sí. Ìyókù owó ti dé. Wọ́n fẹ́ fi ṣe pátákó tí wọ́n máa kọ iṣẹ́ wa sí, wọ́n sì ń jà lórí orúkọ ìlú tó máa ṣáájú. Mo wọlé bá wọn tèmi ti agbọ̀n. Mo da gbogbo ẹ̀fọ́ náà sórí tábìlì, tòun ti ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀.

"Ilẹ̀ tí ẹ ń jà sí nìyí," mo ní. "Ohun tó kù nínú rẹ̀ nìyí. Ẹ pín in. Ìdajì fún Ìlobù, ìdajì fún Ìfọ́n, bí ẹ ṣe pín igi."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Akápò wa fi etí ìborùn nu ojú. Mo sọ fún wọn pé bèbè ti wó, pé igi tí wọ́n ní kí n hú, odò ti bá wọn hú u, pé ẹ̀gbọ́n mi ò ní oko mọ́. Mo rò pé ojú á tì wọ́n. Ó kéré tán, mo rò pé ẹnìkan á ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Bàbá Ìfọ́n ló kọ́kọ́ lanu. Ó tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì, ó rọra bi mí.

"Ìyàwó wa, apá ọ̀dọ̀ ta ló wó?"

Bàbá Ìlobù gbójú sókè kíá. Òun náà ń dúró de èsì.

Mo gbé agbọ̀n mi.

"Apá ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń jẹun ni," mo ní, mo sì jáde.