Àkàbà tí Bàbá Mi Mu

Áfáà ni bàbá mi. Ìlọrin ni bàbá tó bí i ti wá, ṣùgbọ́n Tamale ní Gánà ni òun dàgbà sí. Nígbà tí ẹ̀wádún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ti òkè òkun wálé wá wò ó lórí àìsàn, mo sì kó iṣẹ́ mi dání. Ó ní kí n sọ ohun tí mo ń kọ́.

Mo ní bí a bá fi kóró átọ́ọ̀mù méjì kọlu ara wọn tí wọ́n dà pọ̀, èyí tó bá jáde a máa pòyì bí òkòtó. Níútírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò tó, kì í pẹ́ láyé. Kó tó sinmi, yóò máa sọ̀ láti ipele agbára kan sí òmíràn, yóò máa tú ìtànṣán sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Tèmi ni láti wọn ìtànṣán wọ̀nyẹn, kí n fi ya àkàbà tó bá sọ̀ kalẹ̀.

"O fi wàláà ilé kéwú sílẹ̀, àkàbà lo lọ kọ́," ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ní ń dì í mú bó ṣe ń sọ̀?"

Mo ní kí n yà á fún un wò.

Ọyẹ́ ti gbẹ báírò mi. Mo ki gègé bọ tàdáwà bàbá mi, mo fi ya àkàbà náà sórí ìwé rẹ̀, nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ẹní rẹ̀ kó gbẹ, mo lọ kí ẹbí ní àdúgbò Vittin.

Bàbá mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ hàǹtú kan, ẹsẹ Àlùkùránì tí a fi tàdáwà kọ sórí ìwé, ó ní kí ìyá mi fomi fọ̀ ọ́ fún òun mu bí èémí bá le. Ìyá mi kò mọ̀wé. Nígbà tí mo dé, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ lé ẹsẹ̀.

"To, àlùhàmúdùlílàhì. Mo fọ hàǹtú Áfáà, ó mu ún tán. Ó ti sùn."

Ìwé tí mo ya àkàbà sí ló wà nínú abọ́, ó funfun nini. Bàbá mi kò jí mọ́. Kó tó di àsìkò ìrun alásàárì, ó ti dákẹ́.

Ẹyin lohùn. Mi ò jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu mi. Títí ìyá mi fi kú ló ń sọ fún àlejò pé àdúrà ló sọ Áfáà kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo rí hàǹtú gan-an láàárín Àlùkùránì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wà di òní. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí: mi ò lè jó o, mi ò sì lè fọ̀ ọ́.