Owó Kòkó Tí Bàbá Mi Ń San Lé Owó Ilé

Òórùn kòkó ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi bá fẹ́ lọ san owó ilé. Á ti lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ tó ṣáájú, lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a mójú tó oko, á sì gbé owó náà sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Owó yẹn, aṣọ rẹ̀, àpò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń rùn kòkó tí kò tíì gbẹ tán. Ìyá mi á ṣí fèrèsé, á ní, "Bàbá Fọlákẹ́, owó tí kò ní lò ju òru kan lọ nílé yìí, ẹ tún wá ń fi òórùn rẹ̀ dà wá láàmú." Èmi ni Fọlákẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín.

Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà ni. Bàbá mi, ọmọ Oǹdó, tíṣà ni, wọ́n sì gbé e wá sí Àkúrẹ́. Ó yá owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó ilé, ó fi ra ilé kékeré kan lójú ọ̀nà Ìjù. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó nínú owó oṣù rẹ̀. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ti ìyá rẹ̀ ni, Ìyá Oǹdó là ń pè wọ́n. Bàbá mi ra bẹ́ẹ̀dì onírin síbẹ̀, ó ra fóòmù tuntun, kò sì bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀, kí eruku má baà bà á jẹ́ kí ìyá tó dé.

Ìyá ò dé. Wọ́n á wá kí wa, wọ́n á jẹun, wọ́n á gbàdúrà sí wa lórí, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ní ká wá ọkọ̀ fún àwọn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bàbá wọn fi ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó kan. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n náà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Ojú owó wà níbẹ̀ digbí, bí wọ́n ṣe yá a. Oko yẹn ló kú sí. Ìyá wá sọ fún bàbá mi pé, "Ayọ̀délé, ilé tí ojú owó rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ, oko olówó ni. Mi ò ní sùn lóko olówó. Lọ́jọ́ tí o bá san án tán, wá gbé mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ti pinnu pé èyí tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù nìkan ò ní í tó. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ta kòkó, ó ń gbé owó rẹ̀ lọ san lé e, kí ojú owó lè tètè dín kù, kí èlé má rí nǹkan jẹ. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ló máa ń wí. Imú ẹlẹ́dẹ̀ yìí, áà! Ó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa, ó kó ẹran ibẹ̀ lọ. Ó kó aṣọ Kérésì wa. Maṣíìnì ìránṣọ tí bàbá mi ti ṣèlérí fún ìyá mi kí wọ́n tó bí mi, ó gbé ìyẹn náà lọ.

Ó máa ń mú mi dání lọ sí ọ́fíìsì wọn, torí iléèwé mi ò jìnnà síbẹ̀. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Akọ̀wé tó ń gba owó ti jẹ́ ọmọ kíláàsì bàbá mi rí ní Oǹdó. Bó bá ti rí wa, á fò dìde, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "Ẹ káàárọ̀ sà, Tíṣà wa." Ojú a sì máa ti bàbá mi láti ṣàlàyé gbèsè fún ẹni tó fi ẹgba kọ́ ní ìṣirò. Á kàn ti owó síwájú rẹ̀, á ní, "Gbà á síbẹ̀, ọmọ mi." Akọ̀wé náà ò sì jẹ́ bi olùkọ́ rẹ̀ pé kí ni kí òun fi owó ṣe. Nílé, tá a bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, "Abèèrè kì í ṣìnà" lọ̀rọ̀ bàbá mi fún wa.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ẹsẹ̀ Ìyá Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bàbá mi lọ béèrè iye tó kù, kó lè san án tán, kó sì lọ gbé ìyá rẹ̀ wá. Akọ̀wé wo ìwé, ó tún un wò. Ó ní, "Ṣùgbọ́n sà, owó tí ẹ ń mú wá yẹn, a ń gbà á sílẹ̀ de àwọn oṣù tó ń bọ̀ ni. A ò yọ ọ́ nínú ojú owó. Ẹ ò sọ fún wa pé ká yọ ọ́ níbẹ̀, sà."

Èlé ti ń gun orí ojú owó náà láti ọjọ́ yìí wá, bí ẹni pé a ò ta kòkó kankan rí. Wọ́n lè wá yọ owó náà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n èlé tó ti jẹ ti jẹ gbé, gbèsè sì tún kù rẹpẹtẹ. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá mi ní kó dìde, pé kò ṣẹ òun.

Nígbà tá a délé, ó wọ yàrá Ìyá Oǹdó, ó jókòó sórí fóòmù. Ọ̀rá yẹn ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n á dárúkọ maṣíìnì, wọn ò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ wá jẹun." Kò jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ sí Oǹdó. Ìyá ò lè dìde lórí ẹní mọ́.

"Ṣé ojú owó ti tán?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

Wọ́n pajú dé. "Ó kù díẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Bàbá mi sunkún níbẹ̀, lójú mi. Mi ò rí i kó sunkún rí. Kí kòkó ọdún yẹn tó pọ́n, ìyá ti kú. Bàbá mi san gbèsè náà tán lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́jọ́ tó tán.

Èmi náà yá owó ra ilé ní Àkúrẹ́. Bí mo bá ti rí owó díẹ̀ lé, mo máa ń gbé e lọ sí báǹkì, mo sì máa ń sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà gbọ́: "Inú ojú owó ni kí ẹ ti yọ ọ́! Ẹ kọ ọ́ kí n rí i!" Àwọn ọmọ báǹkì ń pè mí ní Màmá Oníjà. Kí wọ́n máa pè é. Ọmọ orí bẹ́ǹṣì ọjọ́sí ò mọ ohun tó yẹ kí bàbá rẹ̀ sọ. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ọ́ títí gbèsè mi fi tán lọ́dún tó kọjá.

Lọ́jọ́ tó tán, mo ra bẹ́ẹ̀dì sí yàrá kejì, mo bọ́ ọ̀rá ara fóòmù, mo tẹ́ ẹ. Mo wá jókòó sórí rẹ̀, mo ń ro ẹni tí mo fẹ́ lọ gbé wá. Ìyá Oǹdó ti lọ. Bàbá mi ti lọ. Ìyá mi náà ti lọ, wọn ò ní maṣíìnì títí wọ́n fi lọ. Fọlákẹ́ ìgbà yẹn rò pé ọjọ́ tí gbèsè bá tán ni gbogbo wa máa jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan. Èmi nìkan ni mo sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.