Bàbá Wa Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Dàwódù, bàbá wa, fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun búláńkẹ́ẹ̀tì ní Oregun. Nínú gbogbo ọdún yẹn, wọn ò gbé ìkankan nínú àwa ọmọ wọn mẹ́rin sáyà rí. Mi ò parọ́ mọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣe ṣíìfù alẹ́, ojúmọmọ ni wọ́n á fi sùn, ìyá wa á sì lé wa síta kí ariwo wa má bàa jí wọn. Bí wọ́n bá ṣe ti ọ̀sán, a ti sùn kí wọ́n tó dé. Ti òwúrọ̀ nìkan ló kù, ofataimù sì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Wọ́n bọ́ wa yó, wọ́n rán wa nílé ìwé, a ò sì sùn lébi rí. Ṣùgbọ́n èmi Munirat, àkọ́bí wọn, ti pé ogójì ọdún, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi l'Ágége, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, bàbá wa wá di ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ṣì ń jí. Wọ́n á wọ kákí iṣẹ́ wọn, wọ́n á jókòó síwájú ilé wa ní Oko Ọba, wọ́n á máa wo àwọn màlúù tó ń kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà. Ìyá wa, Fàúsát, tó ń ta pọ̀nmọ́ nítòsí ibẹ̀, a máa ní ọkọ òun ń dúró de bọ́ọ̀sì tí kò ní wá mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Simbiat, ìyàwó àbúrò mi Fọlábí, bí ìbejì kí oṣù rẹ̀ tó pé. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé wọn jáde. Táíwò, ọmọkùnrin, ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin, kò ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Mo ti se ìrẹsì tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún oúnjẹ ọ̀sán rí. Wọ́n gbé e sínú àpótí tó ń mú ọmọ móoru, ẹ̀rù sì bà wá débi pé kò sẹ́ni tó lè dárúkọ rẹ̀ sókè.

Lọ́jọ́ keje, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Moyọ̀sọ́lá, pè wá jọ. Ó ní ọmọ ti ń mí dáadáa, a ti lè gbé e kúrò nínú àpótí, ṣùgbọ́n àyà ènìyàn ni kí ó máa wà tọ̀sántòru, ara kan ara, láìsí aṣọ láàárín. Bí òtútù bá mú un, a lè pàdánù rẹ̀. Bí ó bá pé kílò kan àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù, ó di ilé. Simbiat ò lè dá a ṣe, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, Táíwò sì ń bẹ lọ́mú.

"Ta ló máa ràn án lọ́wọ́ nínú ẹ̀yin màmá?" ni nọ́ọ̀sì bi wá.

Bàbá wa ti ń tú bọ́tìnnì. "Ṣíìfù mélòó ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń ṣe é."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọmọ mi. Àbí obìnrin nìkan ni ara wọn ń gbóná?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n lọ wẹ̀ kí wọ́n tó wá. Ìyá wa ló ní kí wọ́n wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí òórùn pọ̀nmọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí a sọ Táíwò lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ tó jẹ́ ọ̀la, kí a fi èyí tó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá wa dáhùn pé, "Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. A kì í ṣe ti àbúrò kí ẹ̀gbọ́n tó dé." Wọ́n pe Àáfà, wọ́n jọ sún un sí ọjọ́ kọkànlélógún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Kẹ́hìndé ní.

Bàbá wa ya ìlà sórí páálí, wọ́n kọ orúkọ wa sí i: àwọn fúnra wọn ní òwúrọ̀, èmi àti ìyá wa ní ọ̀sán, Fọlábí àti Simbiat ní alẹ́. Òfin kan péré ló wà níbẹ̀, pé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò bí ẹni tó máa gbà á ò bá tíì dé. Bàbá wa á jókòó sórí àga ọsibítù, Kẹ́hìndé á lẹ̀ mọ́ wọn láyà lábẹ́ ìborùn ìyá wa, wọn ò ní mira. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pe ọkọ tiwọn náà kó wá jókòó.

Lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ ìyá wa ò dilẹ̀, aṣọ oníbàárà kan dá mi dúró. Wákàtí méjì ni mo fi pẹ́. Bàbá wa ò tíì jẹun, wọn ò tíì dìde. Wọ́n na ìwé pélébé kan sí mi. Kúẹ́rì ni, wọ́n ní kí n kọ ìdí tí mo fi pẹ́, kí n sì bu ọwọ́ lù ú.

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé mi rí láyé yín, ẹ̀yin lẹ wá ń fún mi ní kúẹ́rì lórí ọmọ gbígbé?"

Ojú tì mí lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń wo orí kékeré tó wà lábẹ́ àgbọ̀n wọn, mo mọ ohun tó ń ṣe mí gan-an. Mò ń jowú ọmọ tí kò tíì pé kílò méjì.

"Òótọ́ lo sọ," bàbá wa ní. "Mi ò gbé ọ, mi ò gbé Fọlábí, mi ò gbé àwọn tó kù. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe lè gbé eléyìí sílẹ̀."

Mo jókòó, mo kọ èsì kúẹ́rì mi. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi ìdajì wákàtí ṣáájú àsìkò.

Nígbà tó pé ogúnjọ́ tí a bí wọn, ó ku ogún gíráàmù kí Kẹ́hìndé tó pé iye tí nọ́ọ̀sì sọ. Fọlábí ti fún àwọn ènìyàn lọ́jọ́, àgbò ti wà ní ìso. Gbogbo wa ń wojú bàbá wa. Wọ́n kàn ní kí Simbiat fún wàrà ọmú sí kọ́ọ̀bù kí àwọn lè máa fún Kẹ́hìndé mu, wọ́n padà sórí àga wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì gbé Kẹ́hìndé sórí ìwọ̀n. Ó wò ó, ó tún un gbé. Ó ti fi gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé iye tí wọ́n ní kó pé. "Ẹ máa gbé e lọ sílé," ni ó wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Nígbà tí a dé Oko Ọba, àwọn alápatà ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Bàbá wa gba àárín wọn kọjá, wọ́n na àyà síwájú, Kẹ́hìndé wà lábẹ́ agbádá. Àáfà bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n, ìyẹn Kẹ́hìndé Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí. Orúkọ tí bàbá wa fún un nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló kan Táíwò. Gbogbo agbo ṣe àmín.

Àdúrà ṣì ń lọ nígbà tí bàbá wa fi orí pè mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò gbé e fún mi. Wọ́n fi ọwọ́ tó ṣófo fà mí mọ́ra, wọ́n tẹ orí mi mọ́ àyà wọn lápá kejì, èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, níṣojú gbogbo Oko Ọba. Wọn ò sì jẹ́ kí n lọ títí Àáfà fi parí àdúrà.