Àwọn Tó Ń Bọ́ Bàtà Lórí Òkun

Ìfura loògùn àgbà. Èmi ti lo oògùn náà jù, mo mọ̀. Tí èèyàn bá ti gbé ní Ọ̀rẹ̀ fún ogójì ọdún, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ Èkó àti èyí tó ń lọ Benin ti ń dúró, kò ní gba omi tútù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, kò sì ní gbà pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí òun kò fẹ́ nǹkan kan. Lóko kòkó wa ní Odigbó, bí oníkòkó tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa bá gbé ìwọ̀n rẹ̀ dé, èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń gun orí ìwọ̀n náà, nítorí mo mọ bí mo ṣe wúwo tó.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin pè mí láti ìlú òyìnbó pé òun fẹ́ mú mi lọ sórí ọkọ̀ òkun kan tó ń fi ìgbòkun rìn, pé ọjọ́ mẹ́jọ la máa fi ti erékùṣù kékeré kan bọ́ sí òmíràn lójú òkun Kàríbíánì, kì í ṣe ọpẹ́ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Omi ni, Ìye." Ìye ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. "Omi àti atẹ́gùn. Èmi àti àwọn obìnrin tí a jọ máa ń lúwẹ̀ẹ́ la jọ ń lọ. A jẹ́ méjìlá."

"Obìnrin méjìlá. Nínú omi."

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Ìye."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá mi wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó já sínú odò ní Omífunfun níbi tí a ti lọ pọnmi. Kò mọ omi wẹ̀ nígbà náà. A wá a títí, a ò rí i, àfi ìgbà tó yọ lókè odò, níbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tí ó yẹ kí omi gbé e lọ. Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mìíràn á máa ké. Mo sọ ọ́ nílé àdúrà wa lọ́jọ́ Ìsinmi, wòlíì wa sì ríran sí i: omi ló ni ọmọ yìí, wọ́n fẹ́ẹ́ gbà á padà ni. Ó ní kí wọ́n mú un wá gbé nílé àdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Wọ́n fá irun orí rẹ̀. Wọ́n ń fi kànìnkànìn tuntun wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó ń gbààwẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí èmi ìyá rẹ̀ má yọjú, kí àánú má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Ilé àdúrà yẹn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé wa lọ. Mi ò yọjú.

Nígbà tó padà wálé, kì í sún mọ́ odò mọ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ mi. Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ lókè òkun, kò sì fẹsẹ̀ tẹ Ọ̀rẹ̀ mọ́. Ó ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo bá ti bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ.

Òun ló wá ní kí n wá bá òun lórí omi. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ tí kò fẹ́ bá mi nílé, àárín òkun ló fẹ́ ká ti ríra. Ohun méjì ni mo rò: yálà wòlíì kò purọ́, omi ti gba ọmọ mi, ó fẹ́ dágbére fún mi, tàbí kẹ̀, èmi gan-an ló fẹ́ fà lé wọn lọ́wọ́. Bó ti wù kó rí, mo gbọ́dọ̀ lọ. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni.

Wòlíì ìgbà yẹn ti sùn nínú Olúwa. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí gbàdúrà sí omi inú ìgò ike kan fún mi, mo sì fi sùtánà mi, aṣọ funfun tí a fi ń jọ́sìn, wé e sínú àpótí. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n bi mí pé kí ló wà nínú ìgò. Mo ní omi ni. Wọ́n ní ṣé kò sí omi níbi tí mò ń lọ ni? Mo ní kì í ṣe irú èyí.

Ọmọ mi wá pàdé mi ní èbúté. Ó ti sanra díẹ̀, ó sì ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, bí wọ́n ṣe fá a nígbà yẹn. Ó dì mọ́ mi. Èmi náà dì mọ́ ọn, mo sì ń fi imú wá ọrùn rẹ̀ bóyá màá gbóòórùn odò. Ọṣẹ ni mo gbọ́.

Ọkọ̀ náà funfun, òpó rẹ̀ méjèèjì sì ga ju ọ̀pẹ lọ. Ní ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọ̀ ọ́ ni wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan sí. Ọ̀gá ọkọ̀, obìnrin òyìnbó kan tí oòrùn ti sun ojú rẹ̀ pọ́n, ní kí oníkálukú bọ́ bàtà rẹ̀ síbẹ̀, pé a kì í wọ bàtà nínú ọkọ̀ àwọn. Aṣọ funfun ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ̀. Ẹnì kan lu agogo.

Ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yin aládùúrà ti mọ ohun tí mo rí. Bàtà bíbọ́, aṣọ funfun, agogo: ilé Ọlọ́run nìyẹn, tàbí ti ẹlòmíràn tó ń fara wé e. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà, nítorí ibi mímọ́ ló dúró sí. Ta wá ni àwọn wọ̀nyí bọ́ bàtà fún lórí omi?

"Nítorí pátákó ni, Ìye," ni ọmọ mi wí. "Bàtà máa ń ha á."

Hùn. Pátákó. Mo bọ́ bàtà mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ wọn. Mo há a sí abíyá wọ yàrá lọ.

Yàrá yẹn ni mo ti ṣe ohun tí wọ́n ṣì fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ di òní. Mo ní bó bá jẹ́ ìsìn ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọn ò ní bá mi nínú aṣọ lásán. Mo wọ sùtánà mi, mo di ọ̀já rẹ̀ mọ́ ìbàdí, mo gbé ìgò omi mi lọ́wọ́, mo sì jáde síta láìwọ bàtà. Àwọn obìnrin náà hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé nítorí ọkọ̀ ni mo ṣe múra bẹ́ẹ̀! Ọ̀gá ọkọ̀ gbọn ọwọ́ mi, ó sì fi okùn nínípọn kan lé mi lọ́wọ́, torí àwọn èrò gan-an ló ń fa ìgbòkun sókè. Wọ́n ń fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí eléyìí bá fà, tọ̀hún á tú u sílẹ̀. Ojú mi ò gbà á. Mo dá orin tí a kọ nígbà tí à ń gbé igi òrùlé ilé àdúrà wa sókè. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbè é lẹ́yìn mi. Ọmọ mi ni. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ìgbòkun gòkè, atẹ́gùn gbá a, ọkọ̀ gbéra. Mo wo ojú ọmọ mi, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ má rò pé ìyẹn mú mi túra ká. Páńsá ò fura, páńsá já iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Oúnjẹ wọn, mo máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Gààrí mi wà nínú àpò fún ọjọ́ tí ojú bá pọ́n. Láràárọ̀, bí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn obìnrin yẹn á bẹ́ sómi bí àkèré, èmi á sì jókòó sétí ọkọ̀ pẹ̀lú ìgò mi, màá máa ka orí. Orí méjìlá ló wọlé, orí méjìlá ló gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀kan nínú wọn jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó ní kí n bọ́ sínú omi bá àwọn. Mo ní kó máa lọ. Mo tiẹ̀ ń ṣọ́ òun náà: kí ni arúgbó ń wá lábẹ́ òkun?

Lọ́jọ́ kẹrin, a sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù kan, kí ni mo rí bí kò ṣe kòkó. Kòkó wa! Obìnrin kan ń rìn láìwọ bàtà nínú èyí tí wọ́n sá sórí pákó, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kó lè gbẹ dọ́gba. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ la fi ń yí i. Mo mú hóró kan, mo fi eyín gé e, mo wá àléébù rẹ̀ títí, mi ò rí, inú sì bí mi. Wọ́n ní apá ibẹ̀ yẹn ni kòkó ti gbéra rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní ta ló rí i? Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín tó rín lókè odò ní Omífunfun gan-an ni, ẹ̀rù sì tún bà mí.

Nígbà tí ọkọ̀ kékeré ń gbé wa padà sínú ọkọ̀ ńlá, ó ní, "Ìye, ẹ ṣì ń ṣọ́ mi."

"Ìyá wo ni kì í ṣọ́ ọmọ rẹ̀?"

"Kì í ṣe irú ìṣọ́ yẹn."

Mo ní irú wo ni. Ìgò ọwọ́ mi ló ń wò.

Lọ́jọ́ keje, ọkọ̀ dúró lẹ́bàá erékùṣù kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé, kìkì yanrìn àti igi àgbọn. Ọ̀sán gangan ni, omi sì mọ́ débi pé mò ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi mí kanlẹ̀, ó dorí kodò, ó wọlẹ̀ lọ. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà mi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo ka orí. Mọ́kànlá. Mo dúró, mo tún un kà. Mọ́kànlá. Àwọn tó kù ń tàkúrọ̀sọ lójú omi, kò sí èyí tó bojú wẹ̀yìn. Mo pariwo pé ọmọ mi dà, wọ́n juwọ́ sí mi.

Mo ṣí ìgò mi, mo da gbogbo omi inú rẹ̀ sínú òkun. Mo kúnlẹ̀ lórí pátákó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kì í ṣe òun ni mò ń bẹ̀. Omi ni mò ń bẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi. Ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan. Ẹ mú èmi dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi máa lọ sílé." Mo ń fi oríkì rẹ̀ pè é, oríkì tí ẹnu mi ò pè láti ọjọ́ tí wọ́n ti fá irun rẹ̀.

"Ìye."

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá. Abẹ́ ọkọ̀ ló gbà kọjá sí òdìkejì, ó ti di àkàsọ̀ mú, omi ń kán lára rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ti débẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti gbọ́.

Ìgbátí ló wù mí kí n fi gbá a. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo lò nílé àdúrà, Ìye. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà, pé ẹ máa wá kúnlẹ̀ báyìí níwájú wòlíì, pé ẹ máa ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yín máa lọ sílé."

"Wọ́n ní kí n má yọjú."

"Ẹ sì gbà wọ́n gbọ́."

Èmi tí mi ò gba ìwọ̀n ẹnikẹ́ni gbọ́ títí n ó fi gun orí rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò fura sí rí láyé mi ni ẹni tó fura sí ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo jókòó sílẹ̀ lórí pátákó wọn, mi ò sì lè gbójú sókè.

Mo wá bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í láti ọdún yẹn: kí ló pa á lẹ́rìn-ín lókè odò lọ́jọ́ náà? Ó ní òun rí gbòǹgbò igi kan dì mú lábẹ́ omi, òun sì ń ti orí gbòǹgbò kan bọ́ sí òmíràn lọ sókè odò títí òun fi yọ. Ó ní, "Inú mi dùn pé mi ò kú ni. Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé mo ṣe é."

Ó tán o. Gbòǹgbò igi. Odidi wòlíì ríran, ìjọ gbààwẹ̀, kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè.

Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí." Mi ò rò pé ìyá tèmi sọ irú rẹ̀ fún mi rí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Kò sọ bóyá ó ti tán nínú òun. Ó kàn na ọwọ́ sí mi. Mo tẹ àkàsọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi ọwọ́ kan sábẹ́ orí mi, ó fi ìkejì sábẹ́ ẹ̀yìn mi, bí mo ṣe máa ń gbé e nígbà tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ ní ìkókó. Ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí. Ó wà lẹ́nu mi láti tún bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé, mo gbé e mì.

Ó ní, "Ìye, mo fẹ́ yọ ọwọ́ mi o."

Ẹ̀rù bà mí, mo sì sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní kó yọ ọ́.