Àga Tí Kò Gbọdọ̀ Dún

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pe bàbá mi síbi orin rí ní Douala, ní Kamẹrúùnù, kì í ṣe pé kó wá gbọ́ orin o. Kó wá máa ṣọ́ àga ni.

Òórùn fáníìṣì ni mo fi ń rántí ọjọ́ náà. Ọdún "la crise" ni, ọdún tí ọ̀dá owó dá. Ilé iṣẹ́ ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń kan bẹ́ẹ̀dì mọ́ ní Bépanda, àdúgbò wa, pákó tí bàbá mi ìbá fi ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ni màmá mi fi ń dáná. Àfi bí Madame kan ní Bonapriso, níbi tí àwọn olówó ń gbé, ṣe ní kó wá kan àga fún àwọn àlejò tó fẹ́ gbọ́ orin ní pálọ̀ òun. Àga náà kò gbọdọ̀ dún; kó mú òòlù rẹ̀ wá lọ́jọ́ orin, kó máa tún èyí tó bá fẹ́ dún ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èmi ọmọbìnrin rẹ̀ tí mo gbọ́ Faransé ni mo tẹ̀lé e láti máa túmọ̀. A jókòó sẹ́yìn. Àwọn mẹ́ta ń ta gòjé òyìnbó, ọ̀kan ń tẹ dùùrù. Mo sọ fún un pé ẹni tó ṣe orin àkọ́kọ́ ti kú tipẹ́tipẹ́, pé ọkùnrin tó wà nídìí dùùrù yẹn gan-an ló ṣe èkejì.

"Òkú àti alààyè jọ ń ná ọjà kan," ni ó wí, ó rẹ́rìn-ín sínú fìlà.

Orin òkú ló dùn bí ẹni ń jó. Ti alààyè ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń sin èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Òógùn ń kán lójú onídùùrù. Bàbá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun ló máa ń sọ fún wa nílé pé, "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹ kò kí, ẹ ti fi í ṣe ẹrú." Ó dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á fún yín lókun."

Gbogbo orí yí padà. Madame pa ojú dé. Ìgbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta gòjé ni mo tó mọ̀ pé orin náà kò tíì parí, pé wọ́n kàn ń mí ni. Àga kankan kò dún lọ́jọ́ náà. Kápẹ́ńtà ló dún.

Mo ti ju ọjọ́ orí bàbá mi ìgbà yẹn lọ. Mo ti jókòó nídìí irú orin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dákẹ́ dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò lé mi rí. Ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà ìbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì orin náà, bàbá mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí màmá mi lọ̀ fún un, mo tẹ̀lé e. Ọlọ́dẹ ilé Madame kò ṣí géètì. Láàárín irin ló ti na òòlù tí bàbá mi gbàgbé síbẹ̀ sí i, ó ní ọ̀gá ní kó má wá mọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi gba òòlù. Ọlọ́dẹ ti padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ń gbá ewé jọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni bàbá mi kí i.