Lábẹ́ Aṣọ Ìyá Màríà

Òórùn káńfọ̀ lára aṣọ elésè-àlùkò kan lọ́jà Uselu lánàá rán mi létí ọ̀sán tí màmá mi, tó jẹ́ télọ̀, ń fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bo àwọn ère ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí àwa Kátólíìkì ti máa ń ṣe kí Àjíǹde tó dé. Àbúrò mi wà ní ọsibítù. Iwájú ère Ìyá Màríà ni mo ti ń gbàdúrà fún un.

“Mọ́mì, if you cover am, how e go see my brother?”

“Kì í ṣe ojú ère ló fi ń ríran.”

Ó wọ abẹ́ aṣọ tó fi bo ère náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Aṣọ ń gbọ̀n.

“Mọ́mì, wetin you dey do?”

“Mò ń ṣẹ́ etí aṣọ ni.”

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni dókítà sọ fún màmá mi pé kò sí ìrètí mọ́ fún àbúrò mi.

Ó jáde, ó nu ojú. “Ó yá, ká gbé ògì lọ fún àbúrò ẹ kó tó tutù.”